Ohùn Obìnrin Tó Ń Sunkún Nínú Fóònù Yín

Ẹ̀yin ará Ìsàn tó wà nílé àti ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn odi, èmi Ọlátúbọ̀sún tí ẹ ń pè ní Bàbá Oníṣu ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sójú Wásáàpù ìlú wa. Ẹnikẹ́ni kò bá mi kọ ọ́. Ohun tí mo gbé mì láti ọdún tó kọjá ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, mo sì gbọ́dọ̀ bì í jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó fèsì.

Ẹ mọ̀ pé iṣu ni mo fi kọ́lé. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń wọ oko Ìsàn àti Ẹ̀dá-Oníyọ̀ lọ ra iṣu, tí mo ń kó o lọ sí Ìbàdàn. Iye tí mo bá pè ni àgbẹ̀ ń gbà, nítorí wọn kò mọ iye tí mo ń tà á níbi tí mo ń gbé e lọ. Mo pe èyí ní ọgbọ́n òwò. Ìrẹ́jẹ ni, mo sì mọ̀ nígbà náà pé ìrẹ́jẹ ni.

Jùmọ̀kẹ́ ọmọ ìlú wa parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ọ̀yẹ́, kò rí iṣẹ́, ó padà sílé ìyá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò iṣu àwọn àgbẹ̀, ó ń gbé e sórí Fesibúùkù, àwọn ará Àkúrẹ́ àti Èkó sì ń pe àgbẹ̀ fúnra wọn. Òun náà ló dá Wásáàpù tí a wà yìí sílẹ̀. Láràárọ̀ ló ń kọ iye tí wọ́n ń ta iṣu ní àwọn ọjà ńlá síbẹ̀. Mo dé oko kan ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀ lọ́jọ́ kan, mo pe iye tí mo máa ń pè. Àgbẹ̀ náà wo fóònù rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Bàbá lọ ra dátà, nítorí iṣu ti gbówó lórí láti àná, ó jọ pé ìròyìn kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn tó ń bá mi gbé iṣu rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ̀ mi padà sílé lófìfo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kórìíra ọmọ ọlọ́mọ.

Wásáàpù yìí kan náà ló fi ń wá ẹ̀jẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Ẹ rántí ọlọ́kadà tí ọkọ̀ kọlù lọ́nà Ọ̀yẹ́. Jùmọ̀kẹ́ kọ ọ́ síbí pé ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ní Ìdó, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fẹ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ọ̀dọ́ wa ti kún inú bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin náà ṣì ń gun ọ̀kadà rẹ̀ káàkiri. Látìgbà náà, bí ó bá ti pè, ẹ ń lọ. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣàdúà fún un ní mọ́sálásí. Mo jókòó láàárín àwọn àgbà, mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń wá ọ̀nà tí n óò gbà bà á lórúkọ jẹ́.

Mo mọ̀ yín, ibẹ̀ ni mo sì ti mú yín. Bí ẹnì kan bá kọ nǹkan ránṣẹ́, ẹ óò ní ta ló kọ ọ́, ṣé kì í ṣe oníjìbìtì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ohùn obìnrin tó ń sunkún ní èdè ilé wa, ẹ kì í béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ gbà pé ẹni tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́, kò lè purọ́ fún wa. Látífàt ló ń kó iṣu jọ fún mi ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀; ẹ kò mọ ohùn rẹ̀ ní Ìsàn. Mo kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ: pé ọmọ òun fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ pè é, pé àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣoògùn owó ni Jùmọ̀kẹ́ ń tà á fún, pé láti ọjọ́ náà ni ọmọ òun ti ń gbẹ títí ó fi kú. Látífàt kò fẹ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé èyí kò ní pa ẹnì kan lára?" Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ta ni ọ̀rọ̀ ẹnu pa rí?" Mo jẹ́ kó mọ̀ pé bí kò bá ṣe é, kó lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn, ó sì ní ọmọ tó ń bọ́. Ó sunkún náà. Ẹkún gidi ni. Mo rò lónìí pé ara rẹ̀ ló ń sun ún fún. Mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fi síìmù tí n kò lò mọ́ láti ọjọ́ náà rán an lọ.

Kò pẹ́ tó fi dé fóònù gbogbo yín. Wọ́n ń pe Jùmọ̀kẹ́ ní alágbàtà ẹ̀jẹ̀ bí ó bá ń kọjá. Ó bẹ̀bẹ̀, ó búra, ó ní kí ìyá tó ń sunkún yọjú kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Ta ni yóò yọjú? Àwọn àgbẹ̀ kò jẹ́ kó ya iṣu wọn mọ́. Èmi tún ń dá iye lé iṣu bí i ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Mobọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí aya mi fi sílẹ̀ fún mi, lọ bímọ ní Ìdó. Ọmọ dé láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dúró. Wọ́n ti fún un ní èyí tó wà nílẹ̀, ó sì ń fẹ́ sí i. Ti Joshua ọkọ rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu. Èmi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kò gba tèmi. Jùmọ̀kẹ́ gbọ́, ó gun ọ̀kadà wá láìjẹ́ pé a pè é. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láìpẹ́ ni, nọ́ọ̀sì sì kọ̀ fún un, bó ti wù kó bẹ̀ ẹ́ tó. Ó wá kọ ọ́ síbí pé ọmọ Bàbá Oníṣu ni, kí ẹ má wo tòun, kí ẹ jọ̀wọ́ máa bọ̀. Ẹnì kan nínú yín fi ohùn obìnrin náà sábẹ́ rẹ̀. N kò bú onítọ̀hún. Mo gbọ́ ẹkún Látífàt láti inú fóònù Joshua, lórí bẹ́ǹṣì tí a jọ jókòó sí. Joshua yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí?"

Ọlọ́run fún mi láyè níbẹ̀. Mo ní, "Èmi ò mọ̀."

Jùmọ̀kẹ́ dúró níwájú wa, ó gbọ́ ọ. Kò bínú. Ó kúnlẹ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá, wọn ò gba tèmi gbọ́ mọ́. Àgbà ni yín. Ẹ sọ fún wọn pé irọ́ ni, wọ́n á wá." Mo la ẹnu. Mo rò ó pé bí mo bá ní irọ́ ni, wọn yóò bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo ro àga mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ro ẹ̀rín àwọn àgbẹ̀. Ọmọ mi ń kú lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, orúkọ mi ni mo ń dáàbò bò. Mo wí sínú fóònù náà pé, "Ẹ fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́." Ẹ sì gbàdúrà. Mo ń fi ìka yí Àmín yín lọ sókè, kò tán. Ẹnì kankan kò wọ ọkọ̀. Mobọ́lá kú kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí ẹ wá bá mi kẹ́dùn, àwọn kan ní Jùmọ̀kẹ́ ló ta ẹ̀jẹ̀ Mobọ́lá. Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n wá. Jùmọ̀kẹ́ kó ẹrù rẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi lọ́nà. Joshua ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé n kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun lọ́jọ́ náà. Joshua, o ti wá mọ ẹni tó jókòó tì ọ́ báyìí. Jùmọ̀kẹ́, bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, èmi àgbà dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Ẹ má bá Látífàt jà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Láàárọ̀ yìí, Ṣèyí káfíńtà kọ ọ́ síbí pé Kẹ́mi ìyàwó òun wà ní Ìdó, pé ẹ̀jẹ̀ ló ń fẹ́. Kò pẹ́, ẹnì kan tún gbé ohùn obìnrin tó ń sunkún sábẹ́ rẹ̀, gbogbo yín sì dákẹ́. Ìdí nìyí tí n kò fi lè dúró de ọjọ́ ikú mi kí n tó sọ ọ́. Irọ́ ni. Kò sí ọmọ kankan tó kú nítorí pé ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó kú, nítorí pé ẹ kò wá ni, èmi ni mo sì dá yín dúró. Ẹ̀jẹ̀ oríṣi O ni Kẹ́mi ń fẹ́. Mo ti ní kí awakọ̀ mi kó iṣu sílẹ̀. Ọkọ̀ náà wà níwájú ilé mi, yóò kó gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, ẹni tó bá fẹ́ sọ mí lókùúta, mo wà nílé, n kò ní sá. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ dé Ìdó ná.