Ohun Tí Mo Kà fún Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Sí Nínú Ìwé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Mo fi ìwé parọ́ fún afọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ rẹ̀ bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìyá òun nílé mi. Mo ní n kò mọ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn òbí wa kú, ẹ̀gbọ́n mi ló gbà mí tọ́. Ó ń ta epo pupa, èmi sì ń bá a tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin kan láti Agbabu wá fẹ́ mi. Ṣàdédé ni kò wá mọ́. Òmíràn wá lẹ́yìn rẹ̀, òun náà pòórá. Mo rò pé orí tèmi ni kò gbè mí.

Ó pẹ́ púpọ̀ kí n tó pàdé ọkùnrin Agbabu yẹn ní gáréèjì. Ó ti hu ewú. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Ṣé wárápá yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀?"

Mo ní, "Wárápá wo?"

Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ló pe òun sí kọ̀rọ̀, tó sọ ọ́ fún òun. Ẹ jọ̀ọ́, wárápá kò ṣe mí rí láyé mi. Ẹni tí yóò máa bá a tọ́mọ ni kò fẹ́ kó lọ.

N kò bi ẹ̀gbọ́n mi. Mo délé, mo gbé ọbẹ̀ kaná. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a gbé, tí mo ń rẹ́rìn-ín sí i.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ fọ́. Dókítà ní a ti pẹ́ jù ká tó wá. Àwọn ọmọ tí mo bá a tọ́ ti fọ́n ká, ọ̀dọ̀ mi ló wá ń gbé. Ó ní kí n máa kàwé fún òun nírọ̀lẹ́.

Ó fẹ́ràn ìwé ju èmi olùkọ́ lọ. A ka ọ̀kan nípa ìlú abẹ́ omi, níbi tí àwọn iwin ti ń fẹ́ ọmọ ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Irọ́ pọ̀ nínú ìwé yìí o, ṣùgbọ́n má dúró, kà á lọ." Èmi ò rí ohun tó dùn níbẹ̀. Iwin kò ṣe mí níbi rí. Ènìyàn ló ṣe mí.

Lẹ́yìn ìyẹn la bẹ̀rẹ̀ ìwé ìtàn ayé àtijọ́ kan, nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ogun lé kúrò nílùú. Ẹ̀gbọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi, ó fi àbúrò sílẹ̀ létí odò. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi. Ó pòṣé. "Obìnrin burúkú! Ọmọ ìyá rẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ta mí. Mo gbójú kúrò lórí ìwé, mo wo ojú rẹ̀ tí kò rí mi, mo sì ń bá a lọ bí ẹni tó ń kàwé: "Ẹ̀gbọ́n yìí kan náà ló sọ fún àwọn tó wá fẹ́ àbúrò rẹ̀ pé ó ní wárápá."

Ó ní, "Ta ló kọ ìwé yẹn?"

"N kò mọ̀ ọ́n, Àǹtí mi."

"Ṣé àbúrò náà gbọ́?"

"Ó gbọ́."

"Kí ló wá ṣe?"

Mo ní, "Ó ń se oúnjẹ fún un."

Ǹ bá dúró níbẹ̀. N kò dúró. Nínú ìwé, àwọn méjèèjì pàdé lọ́jọ́ ogbó, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún. Ohun tí èmi kà ni pé ẹ̀gbọ́n wá bẹ̀bẹ̀, àbúrò tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n náà sì kú sójú ọ̀nà.

"Ṣé ibẹ̀ ló parí sí?"

"Ibẹ̀ ni, Àǹtí mi."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ pe Káyọ̀dé ọmọ rẹ̀ pé kó gbé òun lọ sí ilé oko bàbá wa ní Araròmí-Obu. Káyọ̀dé ní ìyá òun fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun mọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yẹn ni mo gun ọ̀kadà lọ bá a. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó fọwọ́ táràrà wá ilẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ fún mi, èmi àbúrò rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ló fi ìwé bá òun wí. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe sí mi pátá, bí ẹni pé n kò gbọ́ ọ rí. Mo ké pé, "Háà! Àǹtí mi!" bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ó dùn mọ́ mi.

Mo ní kó dìde, mo ní mo ti dárí jì í. Ó mi orí.

"Má tàn mí, àbúrò mi. Mo gbọ́ bó ṣe parí."

Bí mo bá jẹ́wọ́, yóò mọ̀ pé mo fi ojú rẹ̀ tó fọ́ gbẹ̀san. Bí mo bá dákẹ́, ebi ni yóò pa á. Èmi gan-an ò sì mọ̀ bóyá mo ti dárí jì í lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ìyá, èwo ni kí n ṣe?