Ìka Tí Mo Tẹ̀ Fún Délé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi, mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan, títí kan pásítọ̀ wa. Mo ń sọ ọ́ lónìí torí pé Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni àṣírí mi máa tú.

Ike ni mo ń tà ní Ìkìrun: korobá, abọ́, kẹ́ẹ̀gì. Ẹnu mi mú, àwọn oníbàárà mi mọ̀. Ìwé ni mi ò mọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ẹ jẹ́ ká pè é ní Délé. Ó fẹ́ Rónkẹ́, ọmọ Ìnísà, tísà ni. A ṣe ìdána nílé bàbá rẹ̀. Èmi gan-an ni mo wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa kó tó wọlé.

Délé lọ sókè òkun. Nígbà tó yá, ó pè mí. Ó ní kí n bá òun lọ bá lọ́yà, kí n búra pé òun ò níyàwó.

Mo ní, "Ta wá ló ń se ọbẹ̀ tí mò ń jẹ níbí?"

"Màámi, ìgbéyàwó orí ìwé lásán ni mo fẹ́ bá obìnrin kan ṣe níbí, kí n lè rí páálí ìgbélùú. Tí mo bá ti rí i, màá mú Rónkẹ́ wá. Ẹ má sọ fún un o."

Lọ́yà tí òǹtẹ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, nótárì ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà Òkukù ló wà. Rónkẹ́ ló sìn mí lọ, torí orúnkún tó ń dùn mí. Mo ní ìwé ọkọ rẹ̀ la fẹ́ ṣe. Ó jókòó síta, ó gbé báàgì mi lé ẹsẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ̀wé, dandan ni kí wọ́n ka ìwé náà fún un kó tó tẹ̀ka. Lọ́yà kà á fún mi ní Yorùbá: ọmọ mi kò gbéyàwó rí, ì báà ṣe ní kóòtù, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nílànà ìbílẹ̀.

"Ṣé ó yé yín, Màmá?"

Mo wo ojú fèrèsé. Ìyàwó ọmọ mi ń lé eṣinṣin kúrò lára báàgì mi. Ẹ̀rín pa mí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ̀rù ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn. Mo ní ó yé mi. Mo tẹ̀ka. Wọ́n lẹ òǹtẹ̀ pupa kan mọ́ ọn, tó léyín yíká bí ìdérí mínírà.

Nígbà tí a délé, Rónkẹ́ fi kẹrosíìnì fọ tàdáwà kúrò ní àtàńpàkò mi. Ó ní, "Màmá, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo ní, "Èmi tí mi ò mọ̀wé, kí ni mo mọ̀?" Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín.

Ìwé lásán yẹn ti bí ọmọ méjì báyìí. Mo rí fọ́tò wọn lórí fóònù, wọ́n fi imú jọ mí. Délé kì í gbé ìpè Rónkẹ́ mọ́. Tísà kan ní Ìbà fẹ́ fẹ́ ẹ, Rónkẹ́ ní òun lọ́kọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rónkẹ́ ní òun fẹ́ ṣe ìwé tí òun máa fi lọ bá ọkọ òun, àfi kí ìyá ọkọ búra pé ìyàwó ọmọ òun ni. Ọ̀dọ̀ lọ́yà kan náà ló lọ.

Ó ní, "Wọ́n ṣì ní fáìlì yín, Màmá. Wọ́n á ti wá a jáde ká tó dé ní Mọ́ńdè."

Mo kọ́kọ́ rò ó pé màá tún sọ pé mi ò mọ̀wé. Àmọ́ wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìka mi níbẹ̀ pé wọ́n kà á fún mi ní Yorùbá, ó sì yé mi. Lọ́yà ka ìyẹn náà sí mi létí lọ́jọ́ yẹn. Rónkẹ́ sì mọ̀wé.

Àná ló ra kẹrosíìnì sílẹ̀ de àtàńpàkò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi yìí tó mú, báwo ni màá ṣe là á láti sọ fún un?