Kúlà Tí Kò Padà Láti Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi ké Halelúyà kan tó máa dé Ẹ̀pẹ́! Ó tì o, ìyẹn ò kọjá Agbowa. Ẹ tún un ké! Ẹ̀hẹ́n. Bàbá, ẹ ṣeun, mo tún ọpẹ́ dá.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Ìyá Tólú tó ń ránṣọ ní Lasunwọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé ọmọ Àlhájà ni mí, ní Ẹ̀pẹ́. Lọ́jọ́ tí mo ṣèrìbọmi, ìyá mi sunkún, wọ́n ní kí n má tẹ ẹnu ọ̀nà àwọn mọ́. Ẹ má bú wọn o! Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ó dùn wọ́n ni. Èmi nìkan lobìnrin tí wọ́n bí.

Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n bá ṣe Iléyá, onígbàgbọ́ á jẹ nínú ẹran. Tá a bá ṣe Kérésì, Mùsùlùmí á jẹ nínú ìrẹsì. Ẹnikẹ́ni kì í sì í dá abọ́ olóúnjẹ padà lófìfo. Ọdọọdún ni mo máa ń se ìrẹsì sínú kúlà aláwọ̀ ewé mi, tí Ìyá Dúró á bá mi gbé e fún ìyá mi tó bá ń lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá Dúró, dìde kí wọ́n rí ẹ! Gbogbo ìgbà ni kúlà yẹn ń padà wá ní fífọ̀ tónítóní. Òfìfo! Ará ilé ló ń jẹ ìrẹsì náà, ìyá mi kì í fẹnu kàn án. Tí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, kí n tó kí wọn tán, wọ́n ti pa á.

Àárò wọn sọ mí, ẹ̀yin ará. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, mo máa ń rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀ kí n tó sùn. Ẹ̀yin tí ìyá yín wà nítòsí, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ní.

Lọ́dún yìí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni Iléyá fi ṣáájú Kérésì. Mo ń wọ̀nà, ẹran ò wá. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mi ò se ìrẹsì fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹkún ni mo sun wá sí kárọ́ọ̀lù. Ìyá Ìjọ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, nígbà tí Jésù ń bọ̀, wọn ò fún Un ní yàrá. Ṣé Ó bínú padà ni? Lọ se ìrẹsì ẹ." Wọ́n gbàdúrà fún mi, ọkàn mi sì balẹ̀.

Mo se é. Ìyá Dúró gbé e lọ. Ìgbà tó dé, ọwọ́ ẹ̀ ṣófo! Mo ní, "Kúlà mi dà?"

Ó ní, "Màmá ẹ gbà á. Wọ́n ní kí ẹni tó ni kúlà wá gbé kúlà ẹ̀."

Yéè! Igbe ayọ̀ tí mo ké, àwọn aládùúgbò rò pé èèyàn kú ni.

Lọ́jọ́ kejì Kérésì, mo pọn Tólú, ọmọ tí wọn ò rí rí, ó di Ẹ̀pẹ́. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n wo ọmọ ẹ̀yìn mi títí. Wọ́n wá ní, "Iyọ̀ ìrẹsì yẹn ò tó."

Ẹ̀yin ará, wọ́n jẹ ẹ́! Ìyá mi jẹ ìrẹsì mi!

Wọ́n gbé kúlà jáde, ẹran Iléyá ló kún inú ẹ̀. Tèmi ni. Láti ọjọ́ Iléyá ni wọ́n ti yọ ọ́ sọ́tọ̀, wọ́n ń gbé e kaná lójoojúmọ́ kó má bàa bàjẹ́. Àṣé àwọn náà ń wọ̀nà.

Ìyá mi ṣì ń kírun o, èmi náà ṣì ń ké Halelúyà. Ògo ni f'Ọ́lọ́run tó mú mi délé. Ẹ dìde, ẹ bá mi jó! Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni máa gbé ìrẹsì yẹn lọ. Iyọ̀ ẹ̀ á sì tó.