Wọ́n Ní Òbúkọ Ò Sí Nínú Ètò

Bàbá Ṣèyí, wálláhì, òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ó dáa, ká ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹ̀yin lọ̀gá iléèwé, ẹ̀yin lẹ ó gbọ́ ọ, torí Àǹtí Oyinadé, tíṣà kíláàsì kejì yín, ti rẹ́ Aliyyah àbúrò mi jẹ.

Ṣebí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí ìwé ètò ẹ̀kọ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé lóṣù kẹsàn-án? Ọmọ yẹn ò lè sọ̀rọ̀, gbogbo wa la mọ̀. Ẹ ní kó tó di oṣù keje, tí wọ́n bá fi nǹkan lọ̀ ọ́, kó fi káàdì sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú ìgbà márùn-ún. Ohun tẹ́ ẹ kọ nìyẹn. Mo kúrò níléèwé lóòótọ́, àmọ́ mo mọ̀wé kà.

Àǹtí wá ya káàdì mẹ́rin: omi, oúnjẹ, ilé ìgbẹ́, ẹní. Ó parí. Ta ló ń fẹ́ nǹkan látàárọ̀ dalẹ́? Ẹ̀yin gan-an, ṣé gbogbo ohun tí Màmá Ṣèyí bá gbé síwájú yín lẹ ń jẹ? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ dá mi lóhùn.

Ni mo bá ya ìkarùn-ún. Òbúkọ tí bàbá wa rà ní Ayete ni, èyí tí èèyàn bá fokùn fà síwájú, á fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tilẹ̀, á máa wojú ẹni bí àna tó ń bínú. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mi ò fẹ́. Mo tì í bọ àpò Aliyyah.

Ọjọ́ ìdánwò dé lánàá. Mo gbé oúnjẹ ẹ̀ lọ, mo bá dúró lójú fèrèsé. Àǹtí gbé omi fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu odidi piọ̀ wọ́tà kan tán. Òbúkọ. Wọ́n gbé ẹ̀wà wá, ẹ̀wà tí kò láta. Òbúkọ. Ilé ìgbẹ́ ńkọ́? Òbúkọ. Wọ́n tẹ́ní fún un láago mẹ́wàá àárọ̀. Òbúkọ. Inú wá bí wọn, wọ́n ní, "Aliyyah, ṣé kí n gba òbúkọ yẹn lọ́wọ́ ẹ?" Bàbá Ṣèyí, ọmọ náà wò wọ́n títí, ó gbé òbúkọ sókè.

Ìbéèrè márùn-ún, èsì márùn-ún. Kí ni wọ́n kọ? Òdo nínú márùn-ún. Wọ́n ní òbúkọ ò sí nínú ètò. Wọ́n ní kó tún kíláàsì kejì ṣe, kí Kíkí máa lọ sí kẹta, Kíkí tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń jókòó tì í. Ṣé "mi ò fẹ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́ ni? Tẹ́yin bá sọ ọ́ nípàdé àwọn òbí, ṣé òdo ni wọ́n ń kọ fún yín?

Ẹ ní kí ni? Pé èmi tí mo ya òbúkọ ni mo ba ìdánwò jẹ́, pé àwàdà tèmi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiẹ̀?

Ó dáa. Ìdá kan tó kù nínú mẹ́wàá rèé. Èmi kọ́ ni mo ya òbúkọ. Aliyyah ló yà á, sẹ́yìn páálí bisikíìtì, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi yà á, kó tó gbé e fún mi, tó fọwọ́ júwe pé kí n bá òun gé e. Gígé nìkan ni tèmi. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn mí pé mo mọ àwòrán yà, ó dùn mọ́ mi, mo bá panu mọ́.

Torí náà, ẹ mú bírò. Márùn-ún nínú márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ní kọ ọ́, ó wà níta níbẹ̀ yẹn, ẹ pè é wọlé kẹ́ ẹ sọ ọ́ lójú ẹ̀ pé kó padà sí kíláàsì kejì. Ẹ ó rí káàdì tó máa gbé sókè.