Ìka Tí Mo Gbé Sí Ètè

Fidèle, pa ẹ̀rọ yẹn. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi kò gùn, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ariwo bò ó. Dókítà ní Kétou ti sọ tèmi fún mi, ó ní kí n má wulẹ̀ gbin iṣu tuntun. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi Fidèle jẹ ṣẹ́ẹ̀fù, olórí iṣẹ́, lẹ́yìn mi. Ẹ tún ní Élodie, ọmọ Huguette, kò gbọdọ̀ bá yín bó ẹ̀gẹ́ ní ilé gàrí wa yìí, nítorí ìyá rẹ̀ sùn sẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì jẹ ọwọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Ọmọ Olóorun? Oorun a máa wà nínú ẹ̀jẹ̀." Huguette kò sùn. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí nígbà náà mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dé lẹ́yìn, ẹ gbọ́.

Ọ̀dọ́bìnrin kan wá láti Porto-Novo, Aurore lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ṣẹ́ẹ̀fù bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe máa darí òṣìṣẹ́. Ó fi ẹfun ya orí ènìyàn sára pátákó. Ó ní, "Bàbá Sàláwù, ẹ wo ibí. Bí ẹ bá yin ènìyàn, omi kan á sun nínú ọpọlọ rẹ̀, inú rẹ̀ á dùn, á fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe. Bí kò bá sì mọ ìgbà tí ìyìn ń bọ̀, omi náà á sun jù bẹ́ẹ̀ lọ." Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí ibòmíràn. Ó ní ibi tó ń ro ènìyàn nínú ọpọlọ bí ọ̀bẹ bá gé e, ìtòsí ibẹ̀ náà ló ń ro ó bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ó ní, "Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra, Bàbá." Ó fi ń kìlọ̀ ni. Èmi gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n fi ibi tí ọ̀bẹ wà hàn.

Ìyìn ni mo kọ́kọ́ lò. Láràárọ̀ mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí. N ó mú ẹnìkan, n ó kì í ní oríkì rẹ̀ lójú gbogbo yín. Lónìí n ó ki Prudence ní Àjíkẹ́, lọ́la n kò ní í ki ẹnikẹ́ni. Ẹ ń sáré wá kí ìrì tó gbẹ. Ẹ ń bó ẹ̀gẹ́ bí ẹni tí ogun ń lé. Huguette nìkan ni kò sáré. Ní àárọ̀ kan tí n kò ki ẹnikẹ́ni, ó wo ojú yín, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wo ara yín! Bí adìyẹ tó ń dúró de àgbàdo. Ṣẹ́ẹ̀fù ń fọ́n ọn, ẹ̀yin ń ṣà á. Ṣẹ́ẹ̀fù, tèmi dà? Ẹ fọ́n díẹ̀ síbí, mo ti la ẹnu." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Prudence rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá yín rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Ìdí tí mo fi kórìíra rẹ̀ nìyẹn.

Prudence, ìwọ ni mo kọ́kọ́ pè, torí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọ́. Mo ní, "Láti òní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí Huguette. Ẹni tó bá dá a lóhùn á kúrò nínú agbo, á lọ máa dá bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé." O ní, "Bàbá, kí ni mo fẹ́ wí fún un? A jọ ń pọn omi ni." Mo ní, "Má wí nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn." O lọ sọ fún àwọn yòókù. Lọ́jọ́ kejì Huguette wọlé, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Kò sẹ́ni tó ní "Ọ̀ọ̀." Ó ní, "Hẹn-ẹn, ṣé ẹ̀gẹ́ ti há yín lọ́fun ni?" Ọ̀bẹ nìkan ló ń dún. Ẹ mọ ilẹ̀ wa yìí. Bí o bá bá ọ̀tá rẹ lóko, tó bẹ̀rẹ̀ sórí ebè, o gbọ́dọ̀ kí i kú iṣẹ́ kí ẹ tó jà. Èmi gba ìyẹn lẹ́nu yín. Gàrí pọ̀ sí i. Ẹ̀rù ń bà yín, ọwọ́ yín ń yá. Àwọn ará Adakplamè wá wo bí a ṣe ń ṣe é.

Huguette wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ti rù. Ó ní, "Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ bú mi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ nà mí. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kí mi. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi mọ́." Mo ń wo orí rẹ̀ bí mo ṣe wo èyí tí Aurore yà, mo ń ronú ibi tí ó ti ń ro ó. Inú mi dùn. Ẹ má bá mi dín in kù. Inú mi dùn.

Mo ní kó lọ máa ṣiṣẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, oòrùn mú. Apá bùbá rẹ̀ tú, ó ń mì lẹ́bàá rọ́bà tó ń yí ẹ̀rọ. Òun kò rí i, ẹ̀gẹ́ ló tẹjú mọ́. Èmi rí i. Prudence àti àwọn yòókù rí i. Fidèle, ìwọ náà rí i, o la ẹnu, o wá kọ́kọ́ wo ojú mi. Mo gbé ìka sí ètè. O pa ẹnu dé. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mo rò pé aṣọ lásán ni yóò ya. Irọ́ ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ó gbọ́ tèmi dé ibẹ̀ ni. Ẹ gbọ́. Rọ́bà fa aṣọ, aṣọ fa ọwọ́. Ó ké. Ó pe Prudence lórúkọ. Kò sẹ́ni tó mira títí mo fi sọ ìka mi kalẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn mo ní oorun ló gbé e lọ. Mo wo ojú yín, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí Aurore padà wá, ó rí bí gàrí ṣe pọ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ náà o! Ìyá tó máa ń pa gbogbo yín lẹ́rìn-ín yẹn ńkọ́?" Mo ní, "Ó sùn sẹ́nu ẹ̀rọ." Àánú ṣe é, ó sì kọjá.

Lánàá mo lọ bá Huguette ní Odomèta. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi di ẹ̀gẹ́ mú, ọwọ́ tó kù ló fi mú ọ̀bẹ. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́." N kò fi "ẹ" pè é rí. Kò dáhùn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Kò gbójú sókè títí mo fi dé ibi ìka. Ó wá bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo: "Prudence náà rí i?" Mo ní gbogbo wọn rí i. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé ariwo ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kíyè sí mi. Ohun tí mo fi ń sùn nìyẹn." Ó padà sí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ìtùnú kan ṣoṣo tó kù sí i lọ́wọ́ náà, mo ti gbà á. Mo ní ó dàbọ̀. Kò dáhùn. Mo dúró, mo dúró. Aurore kò purọ́. Ibẹ̀ náà ló ń roni.

N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó forí jì mí. Kò sí ẹnu tí mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́. Fidèle, bí o bá jókòó sí ipò yìí, wọn yóò tún wá kọ́ ọ ní ohun tó wà nínú orí ènìyàn. Gbọ́ ọ, ẹ̀kọ́ náà dára. Ṣùgbọ́n bí o bá ti mọ ibi tó ń ro ènìyàn, mú ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ṣẹ́ẹ̀fù yín bá gbé ìka sí ètè, ẹ pariwo. Élodie wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ yín, kó lè bá yín lẹ́nu iṣẹ́. Yóò wọlé báyìí, yóò kí yín. Ẹ wò ó, ọwọ́ mi wà nílẹ̀. Ẹ dá a lóhùn.