Ọ̀gá Ilé Ìwé Tó Ní Kí A Kọ́ Ọmọ ní Ohun Tí A Kò Mọ̀

Ẹ jókòó dáadáa. Tọ́pẹ́, ìwọ tí o ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà, sún mọ́ mi, ìwọ lo béèrè. O ní kí ni èrò tó wà lẹ́yìn iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. O ní olùkọ́ yín ní kí ẹ lọ kọ ọ́ wá. Èmi ìyá ìyá rẹ ò mọ ti inú ìwé. Ti Ìdógùn ni mo mọ̀.

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, ni wọ́n gbé mi kúrò ní Ọ̀wọ̀ níbí, wọ́n ní Ìdógùn ni kí n ti lọ máa kọ́mọ. Ẹ gbọ́, nígbà yẹn, bí wọ́n bá gbé tíṣà lọ síbì kan, ó ń lọ ni. Kì í ṣe ti ìsinsìnyí, tí ẹ ó máa wá ẹni tí yóò bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì.

Ọ̀gá ilé ìwé wa ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ tutù, kì í ṣeré. Mo ń sọ ìyẹn kí ẹ má baà rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Ọjọ́ tí sáà bẹ̀rẹ̀, ó kó àwa tíṣà jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, "Kí oníkálukú sọ iṣẹ́ tí kò mọ̀ rárá." A rò pé ó fẹ́ ṣàánú wa ni. Àbí, ohun tí ènìyàn kò mọ̀, ta ni yóò ní kó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? A tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo ní tèmi, ìṣirò ni. Mo ní, "Sà, bí wọ́n bá ní kí n pín ọgọ́rùn-ún sí ọ̀nà méje, òógùn ni yóò bò mí." Tíṣà Lámídì, ọmọ Ọ̀wọ̀ bíi tèmi, tí wọ́n bí sí ilé àwọn télọ̀ láàárín ìgboro, ní òun kò di ọkọ́ mú rí. Tíṣà Ògúnbíyì ní òun kò lè kọrin. Kò purọ́. Ohùn kan ṣoṣo ló wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá.

Ọ̀gá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Ó dára. Mísì, ìwọ lo ni ìṣirò. Lámídì, iṣẹ́ àgbẹ̀. Ògúnbíyì, orin."

Ọ̀gá wá ní, "Ẹni tó mọ odò ó wẹ̀, ṣé ó ń rántí ibi tó jìn? Ẹni tí omi ń bà lẹ́rù ló mọ̀ ọ́n. Òun ló yẹ kó mú ọmọ lọ́wọ́."

Lámídì ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Ìkọ̀wé. Ọwọ́ mi kò dára."

Òun náà kò purọ́. Bí ó bá kọ nǹkan sí pátákó, adìẹ tó bá rí i á rò pé ẹgbẹ́ òun ló kọjá níbẹ̀. Ó wá fi òfin kan kún un. Ó ní bí tíṣà bá ṣi nǹkan ṣe, kí ọmọ má sọ fún un. Kí ó bi í léèrè.

Hmm... Ìdógùn nìyẹn o, ìlú àgbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì ga tó tábìlì yìí ti ń bá bàbá rẹ̀ kọ ebè. Lámídì mú téèpù télọ̀ wọ oko ilé ìwé. Ó wọn ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò. Ó kọ ebè onígun mẹ́rin, igun rẹ̀ mú bíi ti àpótí. Àwọn ọmọ dúró, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, bí òjò bá rọ̀, ibo ni omi máa gbà?" Lámídì ní kí àwọn jókòó kí àwọn jọ rò ó. Wọ́n rò ó títí aago fi lù. Ọjọ́ mìíràn, "Sà, ṣé orí èbù iṣu ni ẹ fi sísàlẹ̀ yẹn, àbí ìdí rẹ̀?" Wọ́n jókòó, wọ́n tún rò ó. Ẹ gbọ́, kí iṣu tó ta, Lámídì ti di àgbẹ̀. Àwọn ọmọ náà sì ti mọ ìdí tí bàbá wọn fi ń kọ ebè roboto. Tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn ń kọ ọ́ ni.

Èmi ńkọ́? Ọjọ́ kìíní mo kọ ìpín gígùn sí pátákó. Mo ṣe é débì kan, ó ta kókó. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, n ò mọ ibi tí mo wà mọ́." Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn, Rẹ̀mí ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé, tíṣà kan kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Wọ́n rò pé odi ni. Ọmọ náà dìde. Ó ní, "Àǹtí, ibẹ̀ yẹn gan-an ni èmi náà máa ń sọnù sí."

Ó wá síwájú. Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀, à ń wá ọ̀nà, bí àwọn tó ṣìnà sínú igbó kan náà. Gbogbo kíláàsì ń sọ pé, "Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn." A padà. A rí i.

Ṣùgbọ́n àwọn òbí kò gbádùn rẹ̀. Bàbá Rẹ̀mí fúnra rẹ̀ wá. Ó ní, "Ọ̀gá, mo bi ọmọ mi pé kí ló kọ́ lónìí, ó ní tíṣà àwọn kò mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ sì ń dùn. Ṣé àìmọ̀ ni mo rán ọmọ wá kọ́?"

Ọ̀gá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ibẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀."

Bàbá náà ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun á kó àwọn ọmọ òun lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ìdóàní. Kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Orin ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ni, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé ìwé wá kọrin. Ògúnbíyì ti fi tọkàntọkàn kọ́ wọn. Wọ́n ti bi í pé, "Sà, ṣé ohùn kì í gòkè ni?" Ó ní, "Ó ń gòkè. Èmi ni n ò lè bá a lọ." Àwọn ọmọ yìí fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n wá fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní gòkè kí àwọn fi tíṣà sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Wọ́n kọrin náà tán pátápátá lórí ohùn kan ṣoṣo. Odidi ilé ìwé. Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò mira. Àwọn obìnrin tó ń jó bọ̀ pẹ̀lú iṣu lórí dúró gbagidi. Ìyá arúgbó kan tú gèlè, ó ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ta ló kú. Àlùfáà ṣe àmín nígbà tí kò tíì tó àsìkò àmín.

Ọ̀rọ̀ dé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Wọ́n rán alábẹ̀wò wá. Ẹ̀rù bà wá, torí bí ó bá sọ̀rọ̀ burúkú, wọ́n lè lé ọ̀gá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó wọ kíláàsì mi, ó ń bi àwọn ọmọ ní ìṣirò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dá a lóhùn. Rẹ̀mí dá a lóhùn. Ó yíjú sí mi. "Mísì, ìṣirò yé yín gan-an."

Mo ní, "Kò yé mi, sà."

Ó wo ọ̀gá. Ọ̀gá jókòó tì í, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ti odò, ti ibi tó jìn. Alábẹ̀wò gbọ́ ọ parí. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín dára, Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán. Ó wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n mo wà ní ìkórè yẹn."

Wọn kò lé e. Wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ní kó máa bójú tó àwọn mọ́tò ìjọba. Ọkùnrin tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí. Àánú rẹ̀ ń ṣe wá, à ń sunkún. Òun ń di ẹrù rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "N ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò."

Ọ̀gá tuntun dé, ó dá iṣẹ́ oníkálukú padà fún un. Ọlọ́run mọ̀, ara tù wá. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn orin sókè, ó dùn. Tíṣà tó gba ìṣirò lọ́wọ́ mi, bí ẹni ń mu omi ló ṣe ń ṣe é. Ènìyàn dáadáa ni. Ní ọjọ́ kan mò ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé, mo gbọ́ tí Rẹ̀mí ní, "Sà, ibí yìí ni mo sọnù sí." Tíṣà náà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó ní, "Ìyẹn náà le ni?" Kò fi bú u o. Ọmọ náà jókòó. Kò sọ̀rọ̀ ní kíláàsì yẹn mọ́.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jáde, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sọnù díẹ̀." A ó jọ lọ jókòó.

Tọ́pẹ́, kọ ìyẹn fún olùkọ́ yín. Ohun tó bá rọrùn fún ọ jù, òun ni kí o rọra fi kọ́ ọmọ, torí ibẹ̀ ni o kò ti ní mọ̀ bí ọmọ bá sọnù. Ayé ti yàtọ̀. Àwọn tíṣà ìsinsìnyí mọ gbogbo nǹkan, fóònù yín tún mọ̀ jù wọ́n lọ, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, á sì dáhùn. Kò ṣìnà rí. Ta ni yóò wá bá ọmọ sọnù?