Rúùtù Ló Ni Ín

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mile One kò tíì kúrò lọ́kàn mi, láàárín ìyá kan àti bọ̀dá tó bá a tún dísìkì ṣe.

"Mọ́mì, mo ti fọ́máàtì dísìkì yín kó lè bá Línúùsì tó ń darí kọ̀ǹpútà yín ṣiṣẹ́, àmọ́ kò jẹ́ kí ẹ kó fọ́tò sí i. Rúùtù ló ni ín báyìí."

"Rúùtù ọmọ mi? Kó tó kú, òun ló ni ín lóòótọ́."

"Háà, mọ́mì, sọ́rì o. Ọ̀gá inú kọ̀ǹpútà là ń pè ní rúùtù. Màá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ fún yín."

"Abẹ́gì, má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ní kó jẹ́ kí èmi náà máa kó fọ́tò sí i."

Bọ̀dá rọra tẹ nǹkan díẹ̀.

"Ó ti gbà, mọ́mì. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ni ín."